Ọ̀rọ̀ ẹnu, àfọwọ́kọ, tàbí notaire? Ìfiwéra ọ̀nà mẹ́fà tí Kristẹni Àjàṣẹ́ lè fi palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́ kó tó kú

Nígbà tí bàbá wa papòdà, agolo bisikíìtì kan la bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn nílé wa ní Ògánlá, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lórílẹ̀-èdè Benin. Nínú rẹ̀ ni convention (ìwé tí a fi ra ilẹ̀) ti ilẹ̀ kan tó wà lọ́nà Àjàrá wà, pẹ̀lú ìwé ìfowópamọ́ CLCAM tí igun rẹ̀ ti jẹ, káàdì owó ìjọ tí wọ́n ti san dé oṣù tó ṣáájú ikú wọn, àti ewé méjì tí wọ́n ya lára cahier ọmọ iléèwé. Orí ewé méjì yẹn ni wọ́n kọ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí a pín nǹkan sí. Ewé àkọ́kọ́, ọwọ́ bàbá ni, lẹ́tà wọn tó máa ń dẹ̀gbẹ́ sápá òsì. Ní àárín ewé kejì, ọwọ́ yí padà: lẹ́tà roboto tó dúró ṣánṣán, ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n nígbà yẹn. Wọ́n ń pè é, ẹ̀gbọ́n mi ń kọ ọ́. Wọ́n fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ọjọ́ kankan kò sí níbẹ̀.

Notaire (òṣìṣẹ́ òfin tó ń ṣe ìwé ogún àti ìwé ilẹ̀) tí a gbé e lọ bá yí ewé náà síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ọwọ́ ta ni èyí?" Ìbéèrè kékeré yẹn gba ọdún méjì lọ́wọ́ wa. Nínú àwọn àbúrò bàbá wa, ọ̀kan wà tí kò tíì bá wa sọ̀rọ̀ dáadáa dòní.

Látìgbà náà ni àwọn ará ìjọ ti máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn: "Ẹ̀gbọ́n, nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, èwo ni kí n mú?" Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin ni mí, ohun tí ojú mi ti rí lọ́dọ̀ notaire, ní mairie (ọ́fíìsì ìjọba ìlú) àti nílé ẹjọ́ ni mò ń sọ. Ẹ ka èyí, kí ẹ tó lọ bá ẹni tó mọ òfin.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè àkọ́kọ́ mi máa ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù díẹ̀: tí ẹ bá kú lóru òní, ta ni wọ́n máa lé jáde? Ó lè jẹ́ ìyàwó tí orúkọ rẹ̀ kò sí ní mairie. Ó lè jẹ́ ọmọ tí ẹ bí síta kí ẹ tó gba Jésù. Ó lè jẹ́ ìyá yín tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tàbí àbúrò yín opó tó padà wálé. Ẹni yẹn ni ìwé yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bò, kí ẹ tó máa ronú ẹni tó máa gba mọ́tò. Jésù fúnra rẹ̀, lórí igi, ibi tí ìyá rẹ̀ máa gbé ló wá: ó fà á lé Jòhánù lọ́wọ́. Kò ní ilé, kò ní oko, aṣọ rẹ̀ gan-an àwọn ọmọ ogun ti ṣẹ́ gègé lé e, síbẹ̀ kò fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ láìlẹ́ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ń wo mẹ́rin mìíràn. Bí ẹnì kan bá pè é lẹ́jọ́, ṣé ó lè dúró? Bí ọkàn yín bá yí padà lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ẹ lè yí i padà? Èló ló máa ná yín? Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ṣé ó lè lò ó?

Àwọn kan á ní kíkọ ìwé ìpíngún ni pípe ikú. Hesekáyà ni wọ́n sọ fún pé kó palẹ̀ ilé rẹ̀ mọ́, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló tún lò láyé lẹ́yìn rẹ̀.

Nǹkan méjì kí ẹ tó yan ohunkóhun

Àkọ́kọ́ ni mairie. Òfin 2002-07 ti 24 oṣù kẹjọ ọdún 2004, tí a ń pè ní Code des personnes et de la famille, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2021, kò mọ ìgbéyàwó mìíràn ju èyí tí òṣìṣẹ́ mairie so lọ. Ìdána kò tó, bẹ́ẹ̀ ni òrùka tí pásítọ̀ tàbí fadá súre sí kò tó. Ẹ lè ti jọ gbé fún ogójì ọdún, kí ẹ bí ọmọ méje, kí ẹ jọ máa kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Níjọ́ ogún, obìnrin náà kì í ṣe aya lójú òfin. Nínú ìjọ wa, mo mọ opó kan tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ọjọ́ kẹrìnlélógójì lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀.

Àwọn òbí mi lọ sí mairie nígbà tí ìjọ kó àwọn tọkọtaya jọ láti lọ tún ti wọn ṣe. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra. Màmá rẹ́rìn-ín lọ rẹ́rìn-ín bọ̀, wọ́n ní ojú ń ti àwọn láti dáhùn "oui" níwájú ọmọ-ọmọ àwọn. "Oui" yẹn ló jẹ́ kí wọ́n ṣì wà nínú ilé.

Èkejì ni ìwé ilẹ̀. Ẹ ò lè pín ohun tí ẹ ò lè fi hàn pé tiyín ni. Lábẹ́ òfin ilẹ̀, 2013-01 ti 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, titre foncier ni ìwé tó ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ ni ilẹ̀. Ọ̀dọ̀ ANDF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ni wọ́n ti ń gbà á. Convention tí ẹ fi àtẹ̀ka sí lọ́dọ̀ olórí àdúgbò ṣe pàtàkì, ẹ má sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n kò tíì parí iṣẹ́. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí ọkọ àti ìyàwó jọ fi owó èésú rà ni orúkọ ẹgbọ́n ọkọ wà lórí rẹ̀, torí pé òun ló wà nílé lọ́jọ́ tí géomètre, ẹni tó ń wọn ilẹ̀, wá.

1. Kí a má ṣe nǹkan kan

Ọ̀nà ni èyí náà, òun ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa sì ń yàn láì mọ̀. Tí ẹ ò bá fi ìwé kankan sílẹ̀, òfin ló máa pín in. Ẹbí á jókòó, wọ́n á ṣe conseil de famille, wọ́n á kọ procès-verbal (àkọsílẹ̀ ìpàdé náà), wọ́n á yan ẹni tó máa bójú tó ogún, wọ́n á sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ kí adájọ́ fọwọ́ sí i. Wọ́n á béèrè ìwé ikú, ìwé ìbí gbogbo ọmọ, àti ìwé ìgbéyàwó.

Òfin yẹn fúnra rẹ̀ kò burú. Ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin dọ́gba nínú rẹ̀. Ọmọ tí bàbá jẹ́wọ́ rẹ̀ lójú òfin ní ìpín tirẹ̀, ìyá rẹ̀ ìbáà wà nílé, ìbáà wà níta. Aya tó gba mairie ní ìpín tirẹ̀. Ẹ rántí ibi tí a ti ń bọ̀: ìwé àṣà tí àwọn Faransé kọ ní 1931, Coutumier du Dahomey (Dahomey ni wọ́n ń pe Benin nígbà náà), ka obìnrin mọ́ àwọn dúkìá tí wọ́n ń jogún. Bí àga. Àwọn ọmọbìnrin Selofehádì márààrún ti dìde níwájú Mósè nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí, Ọlọ́run ló sì dá wọn láre. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí a padà sí "àṣà" lórí ogún ọmọbìnrin, ẹ bi í léèrè ìwé tó ń kà.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti ń bàjẹ́ ni ẹnu ọ̀nà yàrá tí conseil ń jókòó sí. Ta ni wọ́n pè? Ta ni wọn ò pè? Ẹni tí dàá, olórí ẹbí, bá yàn láti bójú tó ogún lè jẹ́ ẹni tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé kí bàbá tó kú. Òfin sọ pé ọmọbìnrin ní ìpín, ṣùgbọ́n òun ló máa gbé ẹsẹ̀ lọ béèrè rẹ̀. Kò náni ní kọ́bọ̀ nígbà tí a wà láyé. Àwọn tó kù ló ń san án, owó ọkọ̀, owó ìwé, owó lọ́yà, àti oorun.

Ó tó fún ẹni tó ní aya kan tó gba mairie, tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ti dàgbà, tí wọ́n ní ìwé ìbí, tí wọn kì í jà, tí ilé rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan tó ní titre. Irú ẹbí bẹ́ẹ̀ wà. Mo ti rí méjì.

2. Ọ̀rọ̀ ẹnu lórí ibùsùn

Bàbá pe àwọn ọmọ jọ, pásítọ̀ dúró nítòsí, ó gbọ́wọ́ lé wọn lórí bíi Jákọ́bù, ó ní kí àgbà gba ilé, kí àbíkẹ́yìn gba oko Kétu. Ó dùn ún wò. Gẹ́gẹ́ bí ìbùkún, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín. Gẹ́gẹ́ bí ìwé ogún, ẹ má gbára lé e. Ẹni mẹ́fà tó wà nínú yàrá máa gbọ́ ohun mẹ́fà, ẹni tí kò dùn mọ́ á ní orí bàbá ò pé mọ́ nígbà yẹn. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp náà ńkọ́? Ìwé ìpíngún kì í ṣe ohun tí à ń fi tẹlifóònù sọ. Ó lè pa ìjà nínú ẹbí tó bẹ̀rù Ọlọ́run, kò lè mú adájọ́ fọwọ́ sí i.

3. Àfọwọ́kọ: testament olographe

Èyí ni bàbá wa gbìyànjú. Òun ló rọrùn jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti bàjẹ́. Nǹkan mẹ́ta péré ni òfin ń béèrè: kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ni í láti òkè délẹ̀, kí ọjọ́ wà lórí rẹ̀ (ọjọ́, oṣù, ọdún), kí ó sì fọwọ́ sí i. Kò nílò ẹlẹ́rìí. Kò nílò òǹtẹ̀. Kò nílò papier timbré, ìwé olóǹtẹ̀ tí ìjọba ń tà.

Nítorí pé ó kéré báyìí, wọn kì í dárí ji àṣìṣe nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní cybercafé, tí bàbá sì fọwọ́ sí nísàlẹ̀, kò dúró. Èyí tí ọmọ bá bàbá kọ apá kan rẹ̀ ni ti wa. Ẹ má ṣe kọ ẹyọ kan fún ọkọ àti ìyàwó pọ̀. Kí olúkálukú kọ tirẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti ń gbọ̀n débi pé ẹ nílò ẹni tó máa bá yín kọ ọ́, àkókò àfọwọ́kọ ti kọjá, ẹ lọ bá notaire.

Ṣé a lè kọ ọ́ ní Yorùbá? Ilé ẹjọ́ wa ń ṣiṣẹ́ ní Faransé, ẹnì kan á ní láti túmọ̀ rẹ̀, ìtumọ̀ ni ìjà sì máa ń gbà wọlé. "Ilé ẹ̀yìn" tí ẹ kọ, ṣé yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ni àbí gbogbo ilé tó wà lẹ́yìn tiyín? Tí Faransé yín bá mọ́, ẹ lò ó. Tí kò bá mọ́, Yorùbá tó ṣe kedere sàn ju Faransé tí ẹ ò mọ ibi tó ń lọ. Ẹ kọ orúkọ ènìyàn bó ṣe wà nínú ìwé ìbí wọn, ẹ má kọ "Ìyá Bọ́sẹ̀". Ẹ kọ nọ́ńbà titre tàbí ti parcelle (ojú ilẹ̀ náà).

Ẹ lè yí i padà nígbàkigbà: ẹ kọ òmíràn, ẹ fi ọjọ́ tuntun sí i, kí ẹ sì kọ sínú rẹ̀ pé ó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ fi ṣe pàtàkì: tí wọ́n bá bá méjì, èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n máa tẹ̀ lé.

Ibi tí ẹ máa pa á mọ́ sí ló kù. Inú Bíbélì ni àwọn ìyá ìjọ wa fẹ́ràn jù, ẹni àkọ́kọ́ tó bá sì gbé Bíbélì náà ló di olówó ìwé. Ẹ lè kọ ọ́ fúnra yín kí ẹ lọ fi pamọ́ sọ́dọ̀ notaire; owó rẹ̀ kéré ju kí òun bá yín kọ ọ́ lọ, kò sì sí àbúrò tó máa rí i dáná sun.

4. Níwájú notaire: testament authentique

Ẹ jókòó, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, notaire kọ ọ́, ó kà á padà sétígbọ̀ọ́ yín níwájú àwọn ẹlẹ́rìí, ẹ fọwọ́ sí i tàbí kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ ò lè fọwọ́ sí i. Ìwé náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ, ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀nà wọn rèé.

Ó ṣòro láti bì wó. Ẹni tó bá ní "kì í ṣe ọwọ́ bàbá", òun ló máa wá ẹ̀rí, notaire sì jẹ́ ẹni tí ìjọba fún ní òǹtẹ̀. Ó tún ń ṣe ohun tí àfọwọ́kọ ò lè ṣe: ó ń dá yín dúró. Tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ fi gbogbo nǹkan fún ọmọ kan, á sọ fún yín pé òfin ti ya apá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ajogún tó súnmọ́ yín jù, èyí tí wọ́n ń pè ní réserve, tí ìwé yín ò lè fọwọ́ kàn. Apá tó kù nìkan lẹ lè fi ṣe bó ṣe wù yín. Ẹ jẹ́ kí notaire bá yín ṣírò rẹ̀. Àwọn bàbá tó fẹ́ fi ogún fìyà jẹ ọmọ aláìgbọràn máa ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

Ẹ béèrè owó kí ẹ tó jókòó, kí ẹ sì gba rẹ́síìtì. Ẹ má mú ẹni tó ní ìpín nínú ìwé lọ ṣe ẹlẹ́rìí. Tí ẹ bá fẹ́ fún ìjọ ní nǹkan, èyí kan pásítọ̀ náà, bó ti wù kó jẹ́ ẹni mímọ́ tó. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa tàbí Ègùn, ohun tí ẹ bá ń sọ lójoojúmọ́, kí ẹ má lọ máa mi orí sí Faransé tí ẹ ò gbọ́. Ẹ lè yí òun náà padà, owó mìíràn ló máa jẹ́.

5. Ẹ̀bùn ojú ayé: donation

Àwọn kan ní, "Kí ni mo ń dúró dè? Jẹ́ kí n fún wọn nísinsìnyí kí n fojú mi rí i." Mo lóye wọn. Ẹ̀bùn ilẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ notaire, kí ANDF sì yí orúkọ padà. Tí èyí bá ti parí, orúkọ ọmọ náà ló wà lórí ilẹ̀. Ó dára fún ọmọbìnrin tó ń tọ́jú yín, tó sì ti kọ́lé sórí ilẹ̀ yín. Ó dára fún ọmọ tó ní àìlera tí àwọn yòókù lè gbàgbé.

Owó rẹ̀ ló ga jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, torí owó notaire àti owó ìforúkọsílẹ̀ ìjọba ń tẹ̀ lé iye ilẹ̀. Àfi nítorí ẹ̀sùn tó lágbára níwájú adájọ́, ẹ ò lè gbà á padà. Bàbá ọmọ onínàákúnàá pín ohun ìní rẹ̀ nígbà tó wà láàyè. A mọ ohun tí àbúrò fi tirẹ̀ ṣe. A máa ń wàásù lórí ìfẹ́ bàbá yẹn, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni wàásù lórí àṣìṣe notaire rẹ̀.

Oògùn rẹ̀ wà. Ẹ sọ fún notaire pé usufruit ni kó wà lọ́wọ́ yín: ilẹ̀ di ti ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ó máa gbé inú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ó máa gba owó ilé títí ẹ ó fi kú. Ẹ má ṣe fi ilé tí ẹ ń sùn sí tọrẹ láìsí gbólóhùn yìí. Mo tún un sọ: ẹ má ṣe é.

6. Adójútòfò, pẹ́ńṣọ̀n àti àwọn owó olórúkọ

Àwọn owó kan wà tí wọn kì í gba inú ogún kọjá. Lábẹ́ òfin CIMA tó ń darí adójútòfò ní àwọn orílẹ̀-èdè wa, owó adójútòfò ẹ̀mí tí ẹ kọ orúkọ ẹnì kan sí máa lọ tààrà sọ́wọ́ ẹni náà. Conseil de famille ò ní í pín in. Fún opó tó ní ọmọ wẹ́wẹ́, owó tó tètè dé bẹ́ẹ̀ lè gbà á lọ́wọ́ ìtìjú. Ẹ wo orúkọ tó wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tí ẹ fẹ́ fẹ́ ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn lè ṣì wà níbẹ̀.

Fún òṣìṣẹ́ tó ń san CNSS, owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́, pẹ́ńṣọ̀n wà fún opó àti ọmọ, mairie la sì tún padà sí. Ẹni tó ń dá èésú lọ́jà Wàǹdó, ẹ jẹ́ kí ìyá èésú kọ orúkọ ẹni tó máa gba tiyín sínú ìwé rẹ̀. Ẹ ka gbèsè náà sílẹ̀, èyí tí ẹ jẹ àti èyí tí wọ́n jẹ yín. Kristẹni tó kú tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ pé ó jẹ gbèsè, olówó tó jókòó lẹ́yìn nínú ìsìn ìdágbére rẹ̀ mọ̀.

Ọ̀nà kẹfà yìí kì í dá dúró. Ó ń ran àwọn tó kù lọ́wọ́ ni.

Tí ẹ bá fẹ́ rántí ìjọ

Ó tọ́, ó sì yẹ. Kìkì pé kí ẹ béèrè ohun kan: orúkọ ta ni ilẹ̀ náà máa wà? Tí ìdáhùn bá jẹ́ orúkọ pásítọ̀, ẹ dúró ná. Òun náà máa kú, òun náà ní ajogún. Mo ti rí ilé ìsìn kan tí ọmọ olùdásílẹ̀ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa lọ́jọ́ Àìkú torí pé orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lórí convention. Kí ìwé jáde ní orúkọ ìjọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí ìjọba mọ̀.

Àwọn tó dá ìjọ sílẹ̀ gan-an ń kú. Àjàṣẹ́ níbí ni S. B. J. Oschoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀ ní 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947. Ó papòdà ní Èkó ní 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, wọ́n sì sin ín sí Ìmẹ̀kọ. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gba ipò rẹ̀ di ẹjọ́ tó dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà. N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Tí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ìjọ tó tóbi tó báyẹn, ilé ìsìn oníbùjókòó ogún tí ẹ fẹ́ fún nílẹ̀ ní láti ṣọ́ra.

Ẹ má sì fi ti ìjọ lé ti opó. Jésù bá àwọn Farisí wí gan-an lórí kọ́bánì: kí ènìyàn máa sọ pé ohun tó yẹ kí òun fi tọ́jú bàbá àti ìyá òun ti di ti Ọlọ́run.

Lẹ́tà ìsìnkú, kí ó dá wà

Gbogbo ìwé òkè yìí, ẹ̀yìn ìsìnkú ni wọ́n sábà máa ń ṣí wọn. Nítorí náà, tí ẹ bá kọ sínú testament pé ẹ ò fẹ́ kí wọ́n jẹ gbèsè sin yín, wọ́n á kà á nígbà tí wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ kọ lẹ́tà mìíràn, ojú ewé kan, ẹ fún ọmọ kan, ẹ fún pásítọ̀ tàbí fadá ní ẹ̀dà rẹ̀: itẹ́ òkú ni àbí inú ọgbà ilé, ọjọ́ mélòó ni kí òkú lò ní morgue (ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ka owó rẹ̀), aṣọ ẹbí tàbí kí olúkálukú wọ funfun tó ní, orin wo, àti ohun tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n ṣe lóru. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàrin wa, níbi tí bàbá jẹ́ ọmọ ìjọ, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, tí agbo ilé sì ní àṣà tirẹ̀. Lẹ́tà yìí ò ní agbára òfin bíi testament. Àmọ́ n kò tíì rí ẹbí tó rí i tí ojú ò tì láti ṣe òdì kejì rẹ̀. Ẹ fi káàdì owó ìjọ sí i pẹ̀lú, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Ta ni kó mú èwo?

Ọ̀dọ́ tọkọtaya tí kò tíì ní ilẹ̀, tó ní ọmọ kékeré: mairie, ìwé ìbí ọmọ, adójútòfò bí agbára bá wà, àti àfọwọ́kọ ojú ewé kan tó sọ ẹni tí ẹ fẹ́ kó tọ́ àwọn ọmọ. Kò ju ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ.

Ẹni tó mọ̀ọ́kọ dáadáa, tó ní ilé kan tàbí méjì, tí ọkàn rẹ̀ ṣì ń yí padà: àfọwọ́kọ tí ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ notaire.

Ẹni tó ní ìyàwó ju ẹyọ kan lọ kó tó di ọmọ ìjọ, tàbí ọmọ níta, tàbí àwọn àbúrò tó ti ń wọn ilẹ̀ rẹ̀ lójú: notaire, kì í ṣe ọ̀la. Kí ó kọ́kọ́ lọ jẹ́wọ́ gbogbo ọmọ rẹ̀ lójú òfin, kó tó kan ọ̀rọ̀ ta ló ń gba kí ni.

Àgbẹ̀ tó wà ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ìdílé: ẹ má kọ ilẹ̀ ìdílé sínú ìwé yín bí ẹni pé tiyín nìkan ni. Ohun tí ẹ gbìn, ohun tí ẹ rà, ohun tí ẹ kọ́, ìyẹn ni kí ẹ kọ. Ẹ ṣe ìwé ilẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà tó mọ ààlà ṣì wà láàyè.

Òbí tí ọmọ kan ń tọ́jú lójoojúmọ́: ẹ̀bùn ojú ayé pẹ̀lú usufruit, kí ẹ sì sọ fún àwọn yòókù lójú ara wọn. Ìkọ̀kọ̀ ló ń sọ ọ́ di oró.

Ẹni tí kò mọ̀ọ́kọ: notaire, kò sí òmíràn. Màmá wa lọ lọ́dún tó kọjá. Èmi dúró síta nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí orúkọ mi wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ò dé tán. Notaire ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, ilé, ilẹ̀ Àjàrá, owó CLCAM. Màmá dákẹ́. Ó bi wọ́n bóyá nǹkan kan kù. Wọ́n ní kó jọ̀ọ́, kó tún ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ Singer wà kà, kí àwọn gbọ́ bóyá orúkọ ọmọ-ọmọ àwọn pé.